Àwòrán tí Àdá Là

Ọwọ́ Ṣóbọ̀wálé ti wà lọ́rùn Báyọ̀ kí àga tó ṣubú. Ó gbá a mọ́ ògiri, ó tún un gbá, ẹ̀jẹ̀ sì yọ lẹ́nu onífọ́tò náà.

"Ẹ má pa á sí wa lọ́rùn, Bàbá Testimony." Wàsílátù, tí òun àti Báyọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò náà, ló di apá Ṣóbọ̀wálé mú.

Orúkọ yẹn tún dá kún ìbínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn kojú ara wọn ní Ìkọ̀tún, ẹni tí wọ́n ń lé sá wọ yàrá tí Testimony, ọmọ Ṣóbọ̀wálé, ti ń kun àwòrán. Àwọn tó ń lé e wọlé tẹ̀lé e. Wọn ò bèèrè ta ni ta ni. Àdá kan ṣoṣo ló la àwòrán iwájú rẹ̀ já, tó sì bá a lọ́rùn.

Àwòrán náà ni bàbá rẹ̀ gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù Báyọ̀ ní Ìdímù: àwọn alábàárù ọjà Shasha ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ọ̀kan nínú wọn kọjú síwájú. Testimony ti forúkọ sílẹ̀ fún àfihàn àwòrán ńlá kan kó tó kú. Fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ ló kù tí wọ́n ń retí, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ òní, wọn ò ní gbà á mọ́. Òfin wọn le. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ yọ, iná ò gbọdọ̀ dán lójú àwòrán, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà tún iṣẹ́ náà ṣe.

Báyọ̀ yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìkéde òkú ló ń ṣe jù, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa mú àpá kúrò lójú ẹni tó ti lọ. Kí Ṣóbọ̀wálé tó gbójú sókè, ó ti fi kọ̀ǹpútà da àwọ̀ tòmátì bo ibi tí àdá là. Alábàárù iwájú ò lójú, kò nímú mọ́. Tòmátì ló kù lórí ọrùn rẹ̀.

"Wọ́n pa á, ìwọ náà tún wá pa á."

"Bàbá, mo rò pé mò ń bò ó láṣìírí ni." Báyọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀. "Bí mo ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn."

Ṣóbọ̀wálé fa irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé yọ, ó gbé e sókè, ó dojú kọ kọ̀ǹpútà.

"Ẹ fọ́ ọ ṣá," Wàsílátù wí. Ó ti fi apá rẹ̀ sílẹ̀. "Tílẹ̀ bá ṣú tẹ́ ò rí nǹkan kan fi ránṣẹ́, àwọn tó ṣá ọmọ yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Irin náà dúró lókè. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Báyọ̀ rọra yí sẹ́yìn àwòrán. "Àdá ò gé nǹkan kan sọnù níbí o. Ó kàn là á ni. Tẹ́nì kan bá fa etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ láti ẹ̀yìn, màá tún un yà. Ìyẹn ò lòdì sófin wọn."

Láti ọjọ́ tí Testimony ti kú, Ṣóbọ̀wálé ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibi tí àdá là. Òun gan-an ò fọwọ́ kàn án. Ó sọ irin sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn àwòrán. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ etí aṣọ àwòrán náà, ó le bí èèpo igi. Àtàǹpàkò tó fi fún Báyọ̀ lọ́rùn ló fi fa ọ̀tún mọ́ òsì.

"Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Yà á."

Nígbà tó dìde wá wo ojú kọ̀ǹpútà, ojú ibi tí àdá gbà ṣì hàn, tínrín bí òwú. Ṣùgbọ́n alábàárù náà ti lójú. Ẹ̀rín ló ń rín, irú èyí tí èèyàn ń rín sí ẹni tó mọ̀, tó dúró síwájú rẹ̀ ní gbangba ọjà.

Ṣóbọ̀wálé wò ó títí. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa Testimony, ibi tí ọmọ náà ṣubú sí nìkan ló ń rí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ibi tó dúró sí, níwájú alábàárù náà lọ́jà Shasha.

"Fi ránṣẹ́," ó wí.