Ìṣirò Méjì Lórí Àwọn Ọmọ Èjìgbò

Nígbà tí ìwé méjèèjì dé orí tábìlì Dókítà Ọ̀ṣínúbi lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Dókítà tẹ ìka mọ́ ìwé kan, ó tẹ ìka mìíràn mọ́ èkejì, ó wá gbójú sókè wo Ṣubúọlá.

"Káàdì kan náà ni ẹ fún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejèèjì?"

"Káàdì kan náà ni, sà."

"Kò dín, kò lé?"

"Kò dín, kò lé, sà."

"Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ Èjìgbò fi ní ẹ̀jẹ̀ lára nínú ìwé yìí, tí wọn ò sì ní in nínú èyí?"

Ṣubúọlá ń wo ìwé méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ká ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Ọdún 1965 ni. Ilé ìwádìí ibà kékeré kan wà ní Òṣòdì nígbà náà, kò jìnnà sí ojú irin, ibẹ̀ ni Ṣubúọlá ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìsọlọ̀ ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó sì ti lo oṣù mẹ́sàn-án nílùú òyìnbó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Oògùn ibà tuntun kan ni ilé ìwádìí náà ń fún àwọn ọmọdé ní Ìsọlọ̀, Òkóta àti Èjìgbò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n sì tún gbà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń lágbára sí i. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Ihò kéékèèké tí wọ́n lù sára káàdì náà ló dúró fún nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló sì máa ń ka àwọn ihò náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò lè dá ìṣirò ṣe. Èèyàn ní láti kọ ètò fún un, ìyẹn àṣẹ tó tò tẹ̀léra: mú èyí, fi kún ìyẹn, fi iye ọmọ pín in. Ètò méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan ti òkè òkun wá. Ṣubúọlá fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ èkejì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Dókítà ní òun ò ní fi èsì ránṣẹ́ síbì kankan àfi tí ẹnu ètò méjèèjì bá kò.

Ní ti Ìsọlọ̀, ẹnu wọ́n kò: agbára ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ mọ́kànlá. Òkóta náà, mọ́kànlá. Ìgbà tó kan Èjìgbò ni ètò òkè òkun wí pé mọ́kànlá, tí ti Ṣubúọlá wí pé mẹ́jọ. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì jẹ́ mẹ́jọ, ara rẹ̀ ò yá. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mẹ́jọ yẹn, a jẹ́ pé oògùn tí wọ́n ń pín ń ṣe àwọn ọmọ Èjìgbò ní jàǹbá.

"Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Dókítà wí. "Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta."

Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ṣubúọlá fi ń ro ọ̀rọ̀ náà. Bí ètò òun bá ní àṣìṣe, ṣé kò ní ṣe àṣìṣe ní Ìsọlọ̀ náà? Ṣé kò ní ṣe é ní Òkóta? Níwọ̀n ìgbà tó tọ̀nà níbi méjì, kò sí ìdí tí yóò fi ṣìnà níbi kẹta. A jẹ́ pé káàdì ni ẹnìkan pààrọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n lo ètò tirẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lo ti òkè òkun. Ta ni àpótí káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì?

Nùrẹ́nì ni.

Orúkọ náà dé sí i lọ́kàn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nùrẹ́nì ti tó ẹni ogójì ọdún, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọmọ bíbí Èjìgbò. Òun ló lọ bẹ àwọn ìyá ọmọ ládùúgbò rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn. Òun ló kọ nọ́ńbà sílẹ̀ níbẹ̀, òun náà ló ń gbé àpótí lọ sí Èkó. Bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá gbọ́ pé oògùn tó mú wá ń pa ọmọ wọn lára, ojú wo ni yóò fi wò wọ́n? Bí Ṣubúọlá ṣe ń rò ó ni ó ń dá a lójú sí i.

Láti ọjọ́ Ajé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Nùrẹ́nì kí i ní àárọ̀, "Sìsí, ẹ kú iṣẹ́ o," Ṣubúọlá sì ń gbọ́ nǹkan mìíràn nínú ohùn rẹ̀. Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín, lójú Ṣubúọlá ẹ̀rín yẹn ti pọ̀ jù. Nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán, Ṣubúọlá ti ilẹ̀kùn, ó kó káàdì Èjìgbò jáde, ọgọ́fà ó lé mẹ́rin, ó sì fi pẹ́ńsù sàmì tóótóó kan sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níbi tí ojú ò ti ní tètè rí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ètò tirẹ̀ tún mú mẹ́jọ jáde. Lọ́jọ́bọ̀, ó jẹ́ kí Nùrẹ́nì gbé àpótí ṣíwájú nínú òjò, òun náà wọ bọ́ọ̀sì tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ó dé ọ́fíìsì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò wọlé. Ó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó yọjú. Nùrẹ́nì ló rí níwájú tábìlì Bánkẹ́, ọmọbìnrin tó ń lu ihò sí káàdì. Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ nǹkan wẹ́rẹ́ sí i, ó sì yọ káàdì kan nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Bánkẹ́ gbà á. Ó fi káàdì tuntun sẹ́nu ẹ̀rọ, ó tẹ ẹ́ pàà-pàà-pàà, ó fún Nùrẹ́nì, ìyẹn sì tì í bọ inú àpótí.

"Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́," Ṣubúọlá sọ ọ́ sínú.

Ètò òkè òkun tún mú mọ́kànlá jáde. Bí wọ́n ṣe padà dé Òṣòdì, Ṣubúọlá ka àwọn tóótóó. Ọgọ́fà ó lé mẹ́ta. Káàdì kan ò ní àmì. Kò dúró mu omi, ọ̀dọ̀ Dókítà ló gbà lọ.

Dókítà ránṣẹ́ pe Nùrẹ́nì. Ó wọlé, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Nùrẹ́nì, o pààrọ̀ káàdì?"

"Ẹyọ kan ni, sà. Òjò ló rin ín, ó ká, ẹ̀rọ ìbá ti fà á ya. Mo ní kí Bánkẹ́ lu irú rẹ̀ gan-an."

"Kí ló dé tí o ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, sà. A kì í sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ni Nùrẹ́nì kọjú sí Ṣubúọlá. "Sìsí, mo rí àmì lẹ́yìn káàdì. Ìwọ lo fi í síbẹ̀?"

Ṣubúọlá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa," ni Nùrẹ́nì wí.

Dókítà ní kí ó lọ máa sinmi nílé títí wọn ó fi rí òótọ́ ọ̀rọ̀. Nùrẹ́nì dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Kò bínú sókè, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí ọkàn Ṣubúọlá balẹ̀. Ó ti retí pé yóò pariwo.

Lọ́jọ́ kejì ló wá mú pẹ́ńsù, ó ṣe ìṣirò tó yẹ kí ó ti ṣe kí ó tó fẹsẹ̀ kan ọ̀dọ̀ Dókítà. Káàdì kan ṣoṣo nínú ọgọ́fà ó lé mẹ́rin, bó ti wù kí nọ́ńbà orí rẹ̀ ga tó, kò lè sọ mẹ́jọ di mọ́kànlá. Kò tilẹ̀ lè sún un kúrò lójú kan. Ó mú káàdì tí kò ní àmì náà dání. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ Bánkẹ́.

"Àǹtí, òun rèé," ni Bánkẹ́ wí, ó sì yọ káàdì tó ká jáde nínú dùrọ́ọ̀. "Bọ̀dá Nùrẹ́nì ní kí n tọ́jú ẹ̀, pé ẹnìkan lè bèèrè."

Ṣubúọlá gbé káàdì tó ká lé orí tuntun, ó nà wọ́n sí ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú gbogbo ihò kọjá. Kò sí ọ̀kan tó yà.

Síbẹ̀, ìfura ò kú nínú rẹ̀, ó kàn ṣí kúrò lára Nùrẹ́nì lọ sára ètò òkè òkun. Ta ló mọ ohun tí àwọn òyìnbó yẹn kọ sínú rẹ̀? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí, ó gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó lo ètò méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára káàdì. Mọ́kànlá. Mẹ́jọ.

Kò tún sí ẹni tí yóò fura sí mọ́, àfi ètò méjì.

Ó mú káàdì mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìkan, ó fún ètò méjèèjì. Ẹnu wọ́n kò. Ó mú mẹ́wàá tó tẹ̀lé e. Ẹnu wọn ò kò. Ó pín mẹ́wàá náà sí méjì, ó tún pín in, títí ó fi ku káàdì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò òkè òkun ní òun ò rí ọmọ kankan tí òun lè kà. Tirẹ̀ ní ọmọ kan wà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òdo.

Ó gbé káàdì náà sókè. Ihò orúkọ wà níbẹ̀, ti ọjọ́ orí wà, ti ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ wà. Níbi tí ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ kejì wà, ihò kankan ò sí, tónítóní ni ó mọ́. Wọn ò rí ọmọ náà gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ètò òkè òkun rí òfìfo, ó fò ó. Ètò Ṣubúọlá rí òfìfo, ó kà á sí òdo, ó sì ka ọmọ náà mọ́ àwọn tó kù nígbà tó ń pín.

Ó ka irú káàdì bẹ́ẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, Èjìgbò ni gbogbo wọn.

Ọmọ tí kò ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lára, òkú ni. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni òun ti pa sínú ìwé, tí òun wá ń wá ẹni tí òun yóò dá lẹ́bi. Ṣubúọlá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Bánkẹ́ bèèrè bóyá kí òun bu omi wá, kò gbọ́.

Nígbà tí ó sọ ọ́ fún Dókítà, Dókítà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún títí. "Èmi náà gbà ọ́ gbọ́ kíákíá jù," ó wí níkẹyìn. "N óò kọ lẹ́tà sí Nùrẹ́nì. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o fẹnu ara rẹ sọ fún un."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ṣubúọlá lọ sí Èjìgbò. Àgbékẹ́, ìyàwó Nùrẹ́nì, ló bá lójúde, ó ń sá aṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí i. Àgbékẹ́ dáhùn ìkíni náà, ṣùgbọ́n kò ní kí ó jókòó.

Nùrẹ́nì jáde wá, Ṣubúọlá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ Èjìgbò nìkan?"

"Omi ló gbé afárá wa lọ lọ́sẹ̀ tí a gba ẹ̀jẹ̀ kejì," ni Nùrẹ́nì wí. "Ní Ìsọlọ̀ àti Òkóta, àwọn nọ́ọ̀sì padà lọ wá àwọn tí wọn ò bá nílé. Wọn ò lè padà wá síbí. A ò rí àwọn ọmọ tó wà lóko. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ní kí n fi nọ́ńbà tó jọ ti tẹ́lẹ̀ sí i, kí iṣẹ́ lè pé. Mo ní ẹ̀jẹ̀ tí n ò fojú rí, n ò lè kọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ṣubúọlá dorí kodò.

"Èyí tó dùn mí kọ́ nìyẹn," Nùrẹ́nì tún wí. "Ó ti dé ibí pé wọ́n lé mi nítorí pé mo ń yí ìwé àwọn ọmọ. Ìyá ọmọ méjì ti ní àwọn ò ní mú ọmọ wá mọ́. Bí o bá fẹ́ bẹ̀ mí, àwọn ni kí o lọ bẹ̀."

Ṣubúọlá ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ń pín oògùn, ó dúró níwájú àwọn ìyá ọmọ Èjìgbò, ó sì sọ fún wọn pé Nùrẹ́nì ò yí nǹkan kan, pé òun ni òun ka ọmọ tí kò wá sí ọmọ tí kò lẹ́jẹ̀.

Ìyá kan dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè. "Èyí ńkọ́? Ṣé ó wà nínú àwọn tẹ́ ẹ pa?"

"Ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, mà."

"Ẹ wò ó dáadáa o," ni obìnrin náà wí. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ta afẹ́fẹ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tò sórí ìlà.

Ṣubúọlá tún ètò rẹ̀ kọ, ẹnu ètò méjèèjì sì ṣọ̀kan ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nùrẹ́nì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń kí i láàárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò gbé àpótí káàdì kúrò níwájú Ṣubúọlá rí láìjẹ́ pé ó kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, tí ó sì na ìwé sí i pé kí ó fọwọ́ sí i. Ṣubúọlá máa ń fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n tún fi jọ ṣiṣẹ́, Ṣubúọlá ò sì bi í léèrè rí ìgbà tí yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró.