Ìtàn Tí Ọ̀gá Thomas Ní Kò Lópin

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ létí mi pé ìtàn kúkúrú ní èròjà méje, màá bi í bóyá ọbẹ̀ ló ń sè. Tinúadé ni orúkọ mi. Atẹ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kabba, ọdún kọkàndínlógún sì rèé tí mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí mò ń tẹ ìdánwò, tí mò ń tẹ lẹ́tà, tí mò ń tún gírámà àwọn tí owó oṣù wọn ju tèmi lọ ṣe. Èmi ò lọ sí yunifásítì. Ọ̀gá Thomas lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó kó bọ̀.

Ọ̀gá Thomas ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa. Ọmọ Kabba ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹnu lásán ló fi ń jẹ́ ọmọ Owé bíi ti àwa ará Kabba yòókù. Ó ní páálí ńlá kan tó máa ń gbé kọ́ sára pátákó ní gbogbo kíláàsì tó bá wọ̀. Ó ti fi máákà aláwọ̀ búlúù kọ èròjà méje sí i: ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, àhunpọ̀ ìtàn, ìjà, òtéńté, ẹṣin ọ̀rọ̀, àti òpin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì mẹ́wàá. Ọgbọ̀n tó kù jẹ́ ti ìwé tó mọ́ tónítóní. Ẹ gbọ́ mi yé o: tí ọmọ bá fi rúlà fa ìlà dáadáa, tí kò kọ ìtàn kankan, yóò gba ọgbọ̀n.

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní kí àwọn ọmọ SS2 kọ ìtàn, kí wọ́n yan ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n máa kà sétí àwọn òbí ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìparí tẹ́ẹ̀mù. Ọ̀gá Thomas ni adájọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ àwọn tó bá mókè. Báyìí ni mo ṣe ka gbogbo rẹ̀, kí Ọlọ́run san án fún mi.

Ọmọ kan tó ń jẹ́ Testimony, ará Iyara, kọ nípa ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọkọ̀ òfuurufú já lé lórí, tí adigunjalè tún ká mọ́lé lọ́jọ́ kan náà, kó tó wá di pásítọ̀. Yìnyín ń bọ́ láti ojú ewé kìíní títí dé ìkẹyìn. Ọmọ tí kò dé Lọ́kọ́ja rí! Ọ̀gá Thomas fún un ní mẹ́wàá lórí ibùdó ìtàn, mẹ́wàá lórí ìjà, ó tún kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé òun sunkún. Bí mo ṣe ń tẹ ìsọkúsọ yẹn, èmi náà fẹ́ẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n ti ọwọ́ mi tó ń ro mí ni.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ti Jẹ̀mílà. Ọmọ Kiri ni Jẹ̀mílà, lọ́dọ̀ tiwa ní Bùnù, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú ewé méjì àtààbọ̀ péré ni. Obìnrin arúgbó kan ń hun aṣọ pupa fún ọkọ rẹ̀, Bàbá Láwọ̀yín. Lójoojúmọ́ ni ọkọ máa ń béèrè láti orí ẹní pé, "Ó ti dé ibo?" Ìyàwó á ní òwú ti tán. Lọ́jọ́ kejì, á ní ìka ń dun òun. Lọ́jọ́ kẹta, á ní iṣu òun ń bàjẹ́ lóko. Ọkọ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Má kánjú. Ṣùgbọ́n má pẹ́." Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ rí aṣọ pupa náà lójú ilé. Wọ́n sọ omi wọn kalẹ̀. Ibẹ̀ ló parí sí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jókòó, mi ò lè tẹ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Aṣọ ìpo ni aṣọ pupa yẹn. Bí àgbà tó tó àgbà bá lọ, a máa ń ta á sí iwájú ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pariwo kiri pé lágbájá kú. Ẹni tó bá ń kọjá yóò gbójú sókè, yóò sì mọ̀. Ìdí nìyí tí ìyàwó yẹn fi ń fi òwú ṣe àwáwí. Ọjọ́ tí aṣọ bá parí, kò ní sí ohun tó tún kù láti dúró dè mọ́.

Ọ̀gá Thomas fún un ní méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ náà ti dárúkọ aṣọ pé, "Aṣọ ọdún ni?" Ó pe ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì, níbi tí èmi náà jókòó sí.

"Jẹ̀mílà, ìjà dà nínú ìtàn yìí?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ta ló ń bá ta jà? Obìnrin ń hunṣọ, ọkọ ń wò ó. Ìjà nìyẹn?"

"Obìnrin yẹn ò fẹ́ kó parí, sà. Ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ kó parí."

"Ó wá parí tán ńkọ́? Òpin dà? Àwọn obìnrin rí aṣọ, wọ́n sọ omi kalẹ̀. Ṣé omi wúwo fún wọn ni?"

Mo gé ètè mi jẹ kí n má baà sọ ohun tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹni tó bá mọ̀, á mọ̀, sà," ni Jẹ̀mílà dáhùn.

"Ẹni tí kò bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ó lè béèrè, sà."

Inú bí Ọ̀gá Thomas débi pé ó fi ọwọ́ lu páálí rẹ̀. Ó ní títí di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kí ọmọ náà lọ kọ òpin gidi sí i, kí gbogbo ayé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, òun ìbá sì fẹ́ kí wọ́n ka nǹkan tó jẹ mọ́ àṣà lójú àwọn òbí, ṣùgbọ́n bí kò bá ní òpin, ti Testimony ni wọ́n máa kà.

Nígbà tó jáde tán, Jẹ̀mílà ò kúrò nídìí tábìlì mi.

"Àǹtí, Iye mi ń bọ̀ láti Kiri lọ́jọ́ ìparí tẹ́ẹ̀mù." Ìyá bàbá rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Ó wá sọ ohun tó wà ńlẹ̀ fún mi. Bàbá Láwọ̀yín kì í ṣe ẹni àfinúrò. Bàbá bàbá rẹ̀ ni, ó ti lọ ní ọdún tó kọjá. Ìyá náà ti hun aṣọ náà tán, ó ń dúró kí wọ́n ta á. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Mùhámmẹ́dù, bàbá Jẹ̀mílà, ń kírun. Kọ́lá, àbúrò rẹ̀, ń ṣe pásítọ̀. Láti ogún ọdún wọn ò fẹnu kò lórí ohunkóhun, títí kan iye àgbàdo tí wọn máa gbìn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá wọn lọ, wọ́n fẹnu kò: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta aṣọ kèfèrí sójú ilé àwọn. Ọ̀mùtí inú ayé ì bá ṣàánú arúgbó yẹn jù wọ́n lọ. Aṣọ náà ṣì wà nínú àpótí.

"Inú ìtàn yìí nìkan ni wọ́n ti ta á," ni Jẹ̀mílà wí. "Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Kó gbọ́ ọ níbi táwọn èèyàn pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ohun tí sà ní kí n kọ. Nílé wa, a kì í fẹnu sọ ọ́, Àǹtí. Aṣọ ló ń sọ ọ́."

Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Mo ní Ọ̀gá Thomas ò lè borí mi.

Ẹ ò rí i, ọgbọ́n orí mi pọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ mo tẹ ìtàn náà bó ṣe wà, láìfi ààmì kan sílẹ̀, nígbà tí mo sì dé ìsàlẹ̀, mo fi ìlà kan kún un: "Bàbá Láwọ̀yín ti kú." Mo rẹ́rìn-ín. Bí a bá ju eegun sí ajá, yóò dákẹ́ gbígbó. Mo ní Jẹ̀mílà fúnra rẹ̀ ni yóò kà á láti inú ìwé tó fọwọ́ kọ, ìlà tèmi yóò sì kú sínú fáìlì ọ̀dọ̀ òmùgọ̀ yẹn. Mi ò sọ fún ọmọ náà. Mo kàn sọ fún un pé Ọ̀gá Thomas yóò gbà.

Ọ̀gá Thomas kà á, ó fò sókè. "Ẹ̀hẹ́n! Òpin rèé! Ọmọ yìí gbọ́n, ìtọ́sọ́nà ló kàn nílò." Ó fún un ní mẹ́wàá lórí òpin, ó tún padà lọ fi mẹ́rin kún ti òtéńté. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo gba máàkì. Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi délé.

Ọjọ́ ìparí tẹ́ẹ̀mù pé. Ìyá náà dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó fi ìborùn funfun borí, Jẹ̀mílà mú un lọ́wọ́ wá sí ìjókòó iwájú. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ò wá. Ọ̀kan ní iṣẹ́ oko, ọ̀kan ní ìsọjí. Nígbà tó kan ìtàn kíkà, Jẹ̀mílà dìde tòun ti ìwé rẹ̀, Ọ̀gá Thomas bá ní kó jókòó. Ó ní ohùn ọmọdé ò lè gbé ìtàn báyìí. Ó gba makirofóònù, ó sì yọ ìwé tí èmi tẹ̀ láti inú fáìlì.

 Mo lè dìde. Mo lè ní iná ẹ̀rọ ti kú, mo lè ṣubú lulẹ̀. Mo jókòó.

Kí n sọ òótọ́, ó kà á dáadáa. Nígbà tó dé ibi tí ìyàwó ti ní ìka ń dun òun, ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ìka ara rẹ̀. Ó dé ibi tí àwọn obìnrin ti gbójú sókè tí wọ́n rí aṣọ. Wọ́n sọ omi wọn kalẹ̀. Ìyá àgbà kan tí kò mọ̀ ọ́n rí na ọwọ́ sí i láti ìjókòó ẹ̀gbẹ́. "Okun o, Iye," ló wí jẹ́jẹ́, ìkíni wa tí a tún fi ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Ẹlòmíràn lẹ́yìn wí i. "Okun o." Ó ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó. Ohun tí wọn ò kí i ní ọdún tó kọjá ni wọ́n ń kí i yẹn, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ padà fún.

Ọ̀gá Thomas rò pé kò yé wọn ni. Ó gbóhùn sókè, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Bàbá Láwọ̀yín ti kú!"

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá náà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ó yíjú sí Jẹ̀mílà.

"Ìwọ lo fẹnu sọ ọ́?"

Jẹ̀mílà mi orí pé rárá. Ó ń wò mí. Ìyá náà dìde, ó jáde, àtẹ́wọ́ ò tíì dáwọ́ dúró.

Mo sáré bá wọn lẹ́nu géètì níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọ̀kadà. Mo kúnlẹ̀ nínú iyanrìn.

"Iye, ẹ má bínú sí ọmọ yìí. Èmi ni mo kọ ọ́ sí i."

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Bùnù ni mí, Iye."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Olùkọ́ yẹn ò mọ̀, mi ò bá a wí. Ìwọ mọ̀."

"Olùkọ́ náà ló ní kò ní yé àwọn èèyàn, Iye."

"Ta ni kò ní yé? Gbogbo wa tá a wà níbẹ̀, ó ti yé wa."

Jẹ̀mílà gbé e gorí ọ̀kadà, òun náà gùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Kò kí mi pé ó dàbọ̀. Wọ́n lọ.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Thomas jáde, tó ń nu òógùn ojú, tó ń rẹ́rìn-ín gágá. "Tinúadé! Ṣé ẹ rí bí òpin yẹn ṣe mú gbọ̀ngàn? Èèyàn ní láti là á yé wọn!"

Mo la ẹnu láti bú u. Gbogbo èébú tí mo ti tọ́jú dè é láti ọjọ́ yìí ni mo yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí kò bá èmi náà mu.