Ẹ̀rí Tó Ń Dàgbà

Ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé ẹjọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ojú rẹ̀ ló sì ṣe.

Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun bá ìkòkò òdòdó kan nínú yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí. Èéhù kan ló wà nínú rẹ̀, ewé mẹ́fà péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan là bí ìka ọwọ́. Ó bi akọ̀wé pé kí ni.

"Ẹ̀rí ni, Ìyá."

"Ẹ̀rí tó ń rọ báyìí?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá gbé ìkòkò sójú fèrèsé. Ojoojúmọ́ ló ń bomi rin ín, tó sì ń ronú irú ewé tó lè jẹ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó pe ẹjọ́ aránbàtà tó ni ín. Igbó mímu ló gbìn. Òfin sọ pé bí ewé bá wúwo tó ọgọ́rùn-ún gíráàmù, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀. Òṣùwọ̀n àwọn ọlọ́pàá ti bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, wọ́n ní iwájú adájọ́ ni àwọn yóò ti wọ̀n ọ́n.

Ni wọ́n bá gbé ìkòkò wọlé. Igbó náà ga ju ẹni tó gbé e lọ. Aránbàtà lanu, kò lè pa á dé.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. "Ṣé òjò ń rọ̀ nínú yàrá ẹ̀rí ni?"

"Olúwa mi, ohun tó bá wà nílẹ̀ là ń wọ̀n," ni ọlọ́pàá wí.

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó wọlé.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni òjò yẹn."

Ẹ̀rín sọ.

"Ta ló rán yín níṣẹ́?" ni adájọ́ bi í.

"Òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, sà. Ewé mẹ́fà ni mo bá lórí rẹ̀, mo kà á."

Adájọ́ ní kí ọlọ́pàá ka ohun tó kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kà á wúyẹ́wúyẹ́: "Èéhù kékeré kan." Wọ́n já ewé mẹ́fà tó tóbi jù, wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò tó gíráàmù mẹ́wàá.

Adájọ́ kìlọ̀ fún aránbàtà, ó ní kó máa lọ. Ó kọjú sí Ìyá: "Ẹ padà sídìí ilẹ̀ gbígbá o, kì í ṣe oko la gbà yín fún."

Ìyá sáré bá aránbàtà dé àtẹ̀gùn. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an?"

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba títì lọ, kò wẹ̀yìn.