Fìlà Tí Mi Ò Gbé Kọ́

Ẹ má tíì bá mi wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń tọ́jú egbin ní ọgbà ẹranko. Ìyá Egbin làwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí, mo sì máa ń dá wọn lóhùn, torí mi ò bí ọmọ kankan tó máa sọ mí di ìyá ẹlòmíì. Mo mọ̀ wọ́n dénú. Pápá gbalasa nilé wọn, níbi tí òjò kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, tí igi sì jìnnà síra. Ewé ni wọ́n ń jẹ, àti ṣóńṣó orí koríko tútù. Wọ́n lè lo ọjọ́ mélòó kan láìdé ìdí omi, ìrì àárọ̀ tó wà lára ewé ti tó wọn. Wọn ò mọ ìjà jà. Sísá ni wọ́n mọ̀. Tí jìnnìjìnnì bá bò wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ fò sókè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á le bí ẹsẹ̀ àga, kí wọ́n tó bẹ́ lu eré. Ní pápá, ìyẹn dáa. Nínú yàrá tá à ń kó wọn sí, tí ò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ ńkọ́? Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, garawa bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ egbin kan nínú yàrá. Ẹranko náà fò, ó forí sọ ògiri, ọrùn rẹ̀ kán. Ká tó bi ara wa pé kí ló dé, ó ti kú.

Ìdí nìyẹn tá a fi lófin kan. Ìta nìkan ni ìkọ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn wà, torí wọ́n lè fi imú ṣí èyí tó bá wà nínú. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á gbé fìlà rẹ̀ kọ́ ìṣó ara ilẹ̀kùn, á sì fi igi há a kó má bàa pa dé. Ẹni tó bá ń kọjá, tó bá ti rí fìlà, á mọ̀ pé ẹ̀mí kan wà níbẹ̀ tó gba sùúrù. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ lófin yìí.

Abo egbin kan wá bímọ. Mo rí i, mo panu mọ́. Ọ̀gá wa tuntun ní àṣà burúkú kan: tí ẹranko bá ti bí báyìí, á ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí yàrá onígíláàsì nítòsí géètì, kí àwọn àlejò máa wò ó bó ṣe ń mu wàrà nínú ìgò. Mo ní láéláé, èyí á mu ọmú ìyá rẹ̀.

Bí egbin ṣe ń tọ́mọ nìyí. Ìyá á fi ọmọ pamọ́ sínú koríko gíga, á rìn jìnnà sí i, kí ẹran apanijẹ má bàa tipasẹ̀ rẹ̀ rí i. Ọmọ á sùn pẹlẹbẹ sílẹ̀. Kò ní mira, bí ẹsẹ̀ èèyàn ń bọ̀ lórí rẹ̀ gan-an, kò ní mira. Àfi tí ìyá bá padà dé, tó fi imú pè é ní ohùn jẹ́jẹ́ kan, kó tó dìde.

Ẹni tó ń gé koríko ọgbà náà, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Ó ti di géńdé tó ń tẹrí ba kó tó wọlé, síbẹ̀ Kékeré ni mò ń pè é. Àmọ́ ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò pè é ní nǹkan kan. Níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán ló ti ní, "Ẹ fi Àǹtí mi sílẹ̀ jàre. Ẹni tí ò rọ́mọ bí ló ń fi egbin ṣọmọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa wo ojú mi. Látìgbà yẹn, tó bá kí mi, ògiri ló kí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, onígéètì dá mi dúró. "Màmá, àbúrò yín ní kí n sọ fún yín pé..."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ohun tó ti ẹnu ẹ̀ jáde."

"Ẹ ṣáà gbọ́, ó ní..."

"Ṣé o dití ni?" Mo pòṣé ràndànràndàn, mo bá tèmi lọ.

Mo fi ewé igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fẹ́ràn jù tan ìyá ọmọ wọ yàrá, kí n lè wò ó bóyá ọmú rẹ̀ ò wú. Mi ò gbé fìlà kọ́. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bi mí ohun tí mò ń wá níbẹ̀. Igi tí mo fi há ilẹ̀kùn, ìkánjú ni mo fi há a. Bí mo ṣe ń rọra jókòó sílẹ̀, igi yọ, ilẹ̀kùn pa dé, ìkọ́ bọ́ sáyè rẹ̀.

Mo wọ gàù! Mo sọ fún ara mi pé kò burú, tó bá di ọ̀sán ẹnì kan á wá. Mo fara mọ́ ògiri, mò ń mí díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́, mo lè kan ẹranko náà. Nígbà tó ṣe, ọmú ń ro ó, ó gbé imú sí ihò fèrèsé, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Ohùn náà ò lè kọjá ìta fèrèsé. Èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà, Ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ń gé e! Ohun tí onígéètì fẹ́ sọ nìyẹn. Ariwo ẹ̀rọ ò da ìyá egbin láàmú, ó ti mọ́ ọn lára. Láti ihò fèrèsé mo rí Kékeré, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń sún mọ́ igun koríko gíga tí ìyá fi ọmọ náà pamọ́ sí. Igun yẹn gan-an, ògiri ò jẹ́ kí n rí i. Tí mo bá pariwo, ìyá á forí sọ ògiri. Tí mi ò bá pariwo, ọmọ á sùn síbẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi dé orí rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ kí n lè jù ú síta fèrèsé, ẹsẹ̀ ẹranko náà le lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kékeré yí ẹ̀rọ, ó kọrí sí igun, mi ò rí i mọ́.

Mo dìde, mo figbe ta. "Kékeré! Dúró! Kékeré o!"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, gbì, lára ògiri. Mi ò yíjú wò ó. Mo ti mọ̀.

Àbúrò mi sáré ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí, ó wo òkú ìyá egbin nílẹ̀. "Àǹtí, kí lẹ wá ṣe níbí? Fìlà yín dà?"

"Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé o ti gé e?"

"Gé kí ni? Ṣé onígéètì ò sọ fún yín ni? Mo rí ọmọ egbin yẹn lánàá. Ọ̀gá ní kí n gé gbogbo koríko lónìí torí àlejò, mo ní kó sọ fún yín pé mi ò ní fọwọ́ kan igun yẹn, pé mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo fẹ́ fi bẹ̀ yín ni, Àǹtí mi."

Ó mú mi lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ó ti ri igi kan mọ́lẹ̀ níwájú koríko gíga, fìlà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà sùn pẹlẹbẹ sẹ́yìn igi náà, kò mira. Ó ń retí.

Mi ò mọ bí mo ṣe kúnlẹ̀. Mo fi imú pè é, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nínú yàrá.

Ó dìde, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.