Ohun Tí Bàbá Corinne Bá Níbẹ̀

Ní ọdún 1996, ní ilé-iṣẹ́ wa ní Mountain View, Corinne Vasconcelos ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú bùráúsà wa, ìyẹn ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń rìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dà bíi pé gbogbo ayé ló ń gba ojú ẹ̀rọ wa wo ara wọn. Láàárọ̀, bí a bá jókòó ti kọfí, kùrukùru á máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, a ò ní mọ̀ bóyá a ti jí.

Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà gbogbo èèyàn ṣiṣẹ́ rán Prescott sí wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

"Ẹ fi kọ̀ǹpútà inú ilé sílẹ̀ fún wa," ó ní, "kẹ́ ẹ máa mú ti ọ́fíìsì. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra."

Corinne wò ó. "Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ni ojú ọ̀run ni?"

"Rárá o. Ilẹ̀ tẹ́yẹ máa bà sí la ni."

A kọ̀. Kò pẹ́, wọ́n ṣe bùráúsà tiwọn, wọ́n sọ ọ́ dọ̀fẹ́, wọ́n sì fi í sínú gbogbo kọ̀ǹpútà tuntun. Àwọn tó ń lo tiwa ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìrì tí oòrùn ń fà mu.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Corinne lọ kí Manuel bàbá rẹ̀, tó ń gbin elégédé létí òkun ní Half Moon Bay. Ó bá a níwájú kọ̀ǹpútà tuntun, ó ń wo àwòrán Pico, erékùṣù tí wọ́n bí i sí.

"Bàbá, bùráúsà ta lẹ fi ń wò ó?"

"Èwo ni bùráúsà? Mo tan ẹ̀rọ ni, mo bá a níbẹ̀."

"Tèmi ńkọ́?"

Bàbá yẹ ojú ẹ̀rọ náà wò síwá sẹ́yìn. "Ṣé kì í ṣe tìẹ nìyí? Mo ṣebí ìwọ lo ṣe gbogbo ẹ̀."

Corinne fa àga sún mọ́ ọn. Kùrukùru òkun ti bo oko, ilé náà dà bí ọkọ̀ ojú omi.

"Ọ̀nà tá à ń gbà lọ sódò nìyẹn," Bàbá ń tọ́ka. "Ilé ìyá mi wà lẹ́yìn ògiri dúdú yẹn."

Corinne sọ fún mi pé fún ìgbà díẹ̀, òun gbàgbé ẹni tó ni iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ń wò. Ńṣe ló dà bíi pé òun àti bàbá òun jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà odò. Iṣẹ́ àwọn Prescott dára. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Lọ́jọ́ Monday, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tú kóòdù wa, ìyẹn gbogbo ìlànà tá a fi kọ bùráúsà náà, síta. Kí ẹni tó bá wù mú un, kó tún un ṣe."

"Ṣé orí ẹ pé?" ni mo bi í.

"Wọ́n lè fi ọ̀fẹ́ pa ilé-iṣẹ́ wa. Ohun tí gbogbo ayé jọ ni, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pa á?"

Àwọn ọ̀gá bá a jiyàn títí kí wọ́n tó gbà. Ilé-iṣẹ́ wa kò yè é. Wọ́n tà á, oníkálùkù sì wá ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n kó tó di pé a kó ẹrù wa, àjèjì kan láti Finland fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí wa, fún ibì kan nínú kóòdù náà tó ti ń yọ Corinne lẹ́nu tipẹ́. Corinne kà á, ó tún un kà.

"Wò ó," ó ní, ó rọra ń rẹ́rìn-ín, "ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ."