Ọjọ́ Orí Àwọn Ẹ̀rọ Ìsàba

Kí n tó wọlé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti di wáyà iná kọ̀ǹpútà mú. Ọmọ adìẹ méjìlélọ́gbọ̀n péré ló jáde láàárọ̀ yẹn nínú ọgọ́rùn-ún ẹyin tó wà nínú ẹ̀rọ ìsàba kẹrin, ó sì ti pinnu pé òun máa yọ ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ fún un dànù, èyí tó ń darí ọwọ́ irin tó ń yí ẹyin, kí òun tún máa fọwọ́ yí ẹyin bí ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ wo? Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ga ju àyà lọ mọ́. Ọdún méjìdínlógún ló fi yí ẹyin nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, dókítà sì ti ní tí kò bá sinmi, kò ní lè lo apá náà mọ́. Torí apá yẹn ni mo ṣe kọ ètò náà. Mi ò ní jẹ́ kó yọ ọ́.

"Ẹ fún mi láyè títí di aago méjìlá."

"Olóríkunkun," ló pè mí, "nǹkan tó o kọ yìí ò mọ àwọn ẹ̀rọ mi. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba. Ta ló ń fún ọmọ ọwọ́ àti géńdé ní oúnjẹ kan náà?"

Ó tọ́ka sí ọjọ́ tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ilẹ̀kùn wọn: ẹ̀rọ kìíní, ọjọ́ kẹrin; èkejì, ọjọ́ kọkànlá; ẹ̀kẹta, ọjọ́ kejìdínlógún. Láti ọjọ́ kejìdínlógún, a kì í yí ẹyin mọ́, kí ọmọ inú rẹ̀ lè rójú kọrí síbi tó máa gbà jáde. Aago méjìlá sì ni ọwọ́ irin tún máa yí wọn.

Mo jókòó sórí àpótí, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí mo fi rí àṣìṣe mi, ojú sì tì mí. Sítátíìkì ni mo kọ iṣẹ́ inú ètò náà tó ń yí ẹyin. Bí àwa tó ń kọ ètò ṣe ń pe iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ kan pàtó nìyẹn: èèyàn lè pè é láìdárúkọ ẹ̀rọ kankan, òun náà kò sì ní béèrè pé ta lòun ń ṣe é fún. Ọ̀lẹ ló mú mi ṣe é, torí ó yá láti kọ. Nítorí pé kò mọ ẹ̀rọ kankan, òǹkà ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kó ẹyin tuntun sínú ẹ̀rọ kìíní, òǹkà padà sí ọjọ́ kìíní fún gbogbo wọn, ọwọ́ irin sì ń yí ẹyin ẹ̀rọ kẹrin nígbà tó yẹ kó fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ gbogbo iṣẹ́ di ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, mo wá kó ara mi níjàánu. Iṣẹ́ tó ń sọ òǹwọ̀n ooru Fárínháìtì di ti Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kò nílò láti mọ ẹni tó ni ooru, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ mo fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀, mo sì so yíyí ẹyin mọ́ ọn lára. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí ẹyin yí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹ̀rọ wo. Ẹ̀gbọ́n mi ń ráhùn lẹ́yìn mi, mo ń kọ ọ́ lọ.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, ọjọ́ mẹ́ta hàn lójú kọ̀ǹpútà: kẹrin, kọkànlá, kejìdínlógún. Ẹ̀gbọ́n mi fi wọ́n wé èyí tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ, wọ́n bára mu. Aago lù. Ẹyin ẹ̀rọ kìíní yí, ti èkejì yí. Ẹ̀kẹta kò mira. Mo ń wò ó títí, kò mira.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde bó ṣe máa ń dìde láago yẹn. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ kìíní, kò sí ohun tó kù tó máa ṣe.

"Kí ni kí n wá máa ṣe báyìí?"

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó láago yìí."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo dé bá ariwo ọmọ adìẹ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú ẹ̀rọ kẹta. Aago méjìlá ti lù, ọwọ́ irin ń yí ẹyin ẹ̀rọ méjì yòókù. Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn lórí àga, apá ọ̀tún rẹ̀ lórí itan. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò jí i.