Ilẹ̀ Kíkan

"Ẹ má fà á tu, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà já."

Ṣùgbọ́n Morádéyọ̀ ti fà á tu. Igi àgbàdo náà kò bá a jà rárá, àfi bí ẹni pé wọ́n kàn gbé e lé ilẹ̀ ni. Ó nà án sí Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gbòǹgbò rẹ̀ ki, ó kúrú, ó dà bí ìka tí wọ́n gé lórí.

"Ọdún kẹta rèé," ni Morádéyọ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ilẹ̀ ló kọ̀ mí. Ó ní láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ mi jókòó, tí èmi obìnrin wá ń dá oko ro, ni ilẹ̀ ti ń bínú."

"Ilẹ̀ ò bínú sí yín, mà. Ó kan ni, bí ògì tó pẹ́ jù nínú omi."

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi obì. Morádéyọ̀ ṣí abọ́ kan, ó gbé àgbàdo sísè síwájú àlejò rẹ̀. Tọ́pẹ́ dúpẹ́, ó mú ọ̀kan, ó ń jẹ, ó ń ṣàlàyé.

"Irin kan wà nínú amọ̀ níbi gbogbo, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò alumíníọ́mù. Bí ilẹ̀ bá dára, kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n òjò àti ajílẹ̀ inú àpò tí ẹ ń lò láti ọjọ́ yìí ti sọ ilẹ̀ di kíkan. Irin náà wá yọ́ sínú omi ilẹ̀, ó ń jó gbòǹgbò lórí. Gbòǹgbò ò lè wá omi mọ́, kò lè wá oúnjẹ."

"Kò lóògùn?"

"Ẹfun tí wọ́n lọ̀ wà, tí wọ́n máa ń dà sóko. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó o, a ò sì ní in ní ọ́fíìsì wa. Àmọ́ àwọn àgbàdo kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ara wọn là. Gbòǹgbò wọn á tu omi kíkan kan jáde, irú èyí tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Omi yẹn á so mọ́ irin náà, á dì í mú, kò ní lè wọlé."

Tọ́pẹ́ wo àgbàdo pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe gún régé, tí ọmọ kún inú rẹ̀.

"Màmá, níbo lẹ ti rí èyí?"

Morádéyọ̀ mú un lọ sí etí oko. Igi àgbàdo díẹ̀ dúró níbẹ̀, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Tọ́pẹ́ fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí ọ̀kan. Ilẹ̀ pupa kan náà ni, ṣùgbọ́n gbòǹgbò yìí funfun, ó ta lọ jìnnà bí irun tí wọ́n tú.

"Irúgbìn ìyá mi ni," ni Morádéyọ̀ wí. "Ayépé ni mo ti gbé e wá nígbà tí mo ń bọ̀ nílé ọkọ. Kì í so púpọ̀, ìdí nìyẹn tá a fi pa á tì nígbà tí wọ́n ń pín irúgbìn inú ọ̀rá. Ìwọ̀nba tó kù nínú akèrègbè ni mo kàn sọ síbẹ̀."

"Èyí gan-an ni mo ń sọ, Màmá! Èso rẹ̀ dà?"

Morádéyọ̀ nawọ́ sí abọ́ tó wà lábẹ́ igi obì.

"Òun lo ń jẹ yẹn, ọmọ mi. Mo ya gbogbo rẹ̀ láàárọ̀, mo sì sè é. Mi ò lè fọwọ́ òfo gba àlejò."

Tọ́pẹ́ yọ fóònù rẹ̀. Ojú kan náà ni wọ́n ti pe Mùínátù, àbúrò ìyá Morádéyọ̀, ní Ayépé.

"Àgbàdo pupa yẹn?" Mùínátù rẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Ó mà ti pẹ́ o! Adìyẹ la da ìyókù fún."

"Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ ná, mà," ni Tọ́pẹ́ wí nígbà tó ń lọ. "Ẹ̀gẹ́ ò bẹ̀rù ilẹ̀ kíkan. Màá bá yín wádìí irúgbìn mìíràn." Ṣùgbọ́n kò lè wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Fátókí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mú ìwé títà oko wá sílé. Àwọn kan fẹ́ ra oko náà kọ́ ilé epo. Morádéyọ̀ kúnlẹ̀, ó sì rò fún un, ti irin, ti gbòǹgbò, ti omi ọsàn wẹ́wẹ́.

"Bọ̀dá, kì í ṣe èmi ni ilẹ̀ kọ̀."

Fátókí gbọ́ ọ tán. "Ó yé mi. N ò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyàwó wa, má bínú." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ á lo ọdún kan nínú ilẹ̀. Oògùn Fálolú, ọkọ rẹ, ti tán. Kí ni ká ṣe? Bí o bá rí ọ̀nà mìíràn, sọ ọ́, màá fa ìwé yìí ya."

Morádéyọ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn. Ó dìde, ó lọ bá ọkọ rẹ̀.

Fálolú wà lórí àga rẹ̀. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Àrùn náà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Ifáwùmí, ẹ foríjì mí," ni Morádéyọ̀ wí fún un. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀, èyí tí àrùn ti pa, ó na àtàǹpàkò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bọ tàdáwà, ó sì fi tẹ ìwé.

Fátókí ká ìwé náà jẹ́jẹ́. "Àwọn tó rà á ò ní tíì wá báyìí. Ẹ ṣì lè lọ kó ohun tó bá wà níbẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bọ̀dá," ni Morádéyọ̀ wí.